Ògiri onírin lórí dẹ́kìn ní Ẹ̀bùté-Mẹ́ta: ohun tí grout èèpo èkùrọ́ lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni ògiri kan ṣoṣo lórí dẹ́kìn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ní Ẹ̀bùté-Mẹ́ta. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 9.5, gíga rẹ̀ mítà 2.5. Búlọ́ọ̀kù náìnì-íǹṣì la fi kọ́ ọ, ìyẹn 450 × 225 × 225 mm, ìlà mẹ́wàá, ogún búlọ́ọ̀kù ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Apá kan férémù irin tó máa gbé táǹkì omi méjì yóò jókòó lé e lórí, atẹ́gùn ọ̀sà sì ń lù ú láìsí ilé kankan tó ṣíji bò ó. Ìdí nìyẹn tí ẹnjiníà fi ní kí irin wà nínú rẹ̀, kí gbogbo ihò búlọ́ọ̀kù sì kún fún grout, ìyẹn àpòpọ̀ sìmẹ́ńtì tó ń ṣàn tí a ń dà sínú ihò. Bíìmù abẹ́ rẹ̀ ló jẹ́ ká máa sọ̀rọ̀ grout fúyẹ́: àyè tó ṣẹ́kù lórí bíìmù náà fún ẹrù tuntun kò pọ̀.

Ìwé àṣẹ ni ká kọ́kọ́ mú kúrò nílẹ̀. Àfikún sórí ilé tó ti wà gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ LASPPPA, àjọ tó ń fúnni ní àṣẹ ìkọ́lé ní ìpínlẹ̀ Èkó, fún àṣẹ, kí LASBCA, àjọ tó ń ṣọ́ ilé kíkọ́, sì máa wo iṣẹ́ náà bó ṣe ń gòkè. Ẹni tó bá rántí ilé tó wó ní Ìta-Fájì ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, pẹ̀lú àwọn ọmọ iléèwé nínú rẹ̀, kò ní pe ìyẹn ní ìdíwọ́.

Ìwọ̀n tó ń yọ kúrò gan-an

Ihò búlọ́ọ̀kù tí a rà jẹ́ 150 × 125 mm, méjì nínú búlọ́ọ̀kù kan, ara rẹ̀ sì nípọn tó 50 mm yí ká. Ihò ogójì ló wà ní ìlà kan. Tí gbogbo rẹ̀ bá kún dé òkè, grout tó máa wọlé jẹ́ 1.875 m³. Grout tí a fi gíránáìtì wẹ́wẹ́ pò máa ń wọ̀n tó 2,250 kg ní m³ kan. Èyí tí a fi èèpo èkùrọ́ pò níbí ń wọ̀n tó 1,850 kg. Ìyàtọ̀ wọn lórí gbogbo ògiri jẹ́ 750 kg, ìyẹn kílò 79 lórí mítà kọ̀ọ̀kan bíìmù.

Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyókù. Igba búlọ́ọ̀kù nìkan wọ̀n tó 5,700 kg. Nítorí náà, grout fúyẹ́ kò yọ tó ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún kúrò lára ìwọ̀n ògiri, a ò sì tíì ka mọ́tà àti pílásítà. Bíìmù tí kò lè gbé tọ́ọ̀nù mẹ́wàá, kò dájú pé yóò gbé mẹ́sàn-án àti díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ "ó fúyẹ́" gbé ògiri sórí ilé tí ẹnjiníà kò yẹ̀ wò. Níbí, kílò 79 yẹn ló mú ẹrù bíìmù wọnú ààlà tí ìṣirò fàyè gbà, òun nìkan ló sì jẹ́ kí wàhálà tó kù yẹ ní ṣíṣe. Ká ní ihò tí irin wà nìkan la fẹ́ kún ni, ihò mọ́kànlá, grout rẹ̀ kò ní ju 0.516 m³ lọ, ohun tó máa yọ kò sì ní ju kílò 206. Fún irú ògiri bẹ́ẹ̀, ẹ lo gíránáìtì wẹ́wẹ́ kí ẹ sì sinmi.

Ohun tí fífúyẹ́ ń gbà lọ́wọ́ ògiri

Ẹ̀rù tó kọ́kọ́ ń ba ènìyàn ni pé grout fúyẹ́ kò ní lágbára tó láti gbé ẹrù. Lórí búlọ́ọ̀kù Èkó, ibẹ̀ kọ́ ni ìṣòro wà. Òfin ASTM C476 ti Amẹ́ríkà ní kí grout má rẹlẹ̀ sí 2,000 psi, nǹkan bí 14 N/mm². Kọnkéré èèpo èkùrọ́ tí sìmẹ́ńtì rẹ̀ pọ̀ dáadáa máa ń dé 15 sí 25. Búlọ́ọ̀kù tí a ń rà lójú títì sì rè é, tí 3.45 N/mm² bá bá a, a dúpẹ́. Tí ẹrù bá wọ ògiri láti òkè, ara búlọ́ọ̀kù ló ń kọ́kọ́ là ní ìnàró, lẹ́yìn náà ni ọwọ̀n grout inú rẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ dá gbé ẹrù. Fífi grout tó le ju 14 lọ dáadáa sínú búlọ́ọ̀kù tó rọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ran ògiri lọ́wọ́, nítorí pé búlọ́ọ̀kù ló ń pinnu ìgbà tí lílà bẹ̀rẹ̀.

Ìhà kan tiẹ̀ wà tí grout èèpo èkùrọ́ fi dára jù. Kò le gbagidi bíi ti gíránáìtì: bí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́, ó ń sún wọlé ju gíránáìtì lọ ní ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀. Grout tó le gbagidi nínú búlọ́ọ̀kù tó rọ̀ á fa ẹrù sọ́dọ̀ ara rẹ̀, á wá wú sí ẹ̀gbẹ́, á sì ti ara búlọ́ọ̀kù síta. Èyí tó rọ̀ díẹ̀ máa ń sún pọ̀ pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù. Àmọ́ rírọ̀ yẹn náà ló ń jẹ́ kí ògiri fì jù nígbà tí atẹ́gùn bá tì í, kí ó sì máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹrù tí kì í kúrò níbẹ̀, bíi táǹkì tó kún. Ẹ sọ fún ẹnjiníà kí ó tó ṣe ìṣirò. Kò gbọdọ̀ lo iye gíránáìtì.

Ibi tí àdánù gidi wà ni ìdìmú irin. Rọ́ọ̀dù inú ògiri kò wúlò àfi tí grout bá dì í mú ṣinṣin, agbára tí grout sì fi ń kọ̀ láti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin ló ń ṣe ìdìmú náà. Kọnkéré fúyẹ́ tètè ń ya. Ìwé ACI 318, ìlànà kọnkéré ti Amẹ́ríkà, fi nọ́ńbà tí a ó fi dín agbára yẹn kù sí i: 0.75 fún kọnkéré tí gbogbo ohun inú rẹ̀ fúyẹ́, 0.85 fún èyí tí iyanrìn rẹ̀ jẹ́ iyanrìn lásán. Èèpo èkùrọ́ kò sí nínú ohun tí wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n kọ ìwé náà, ojú rẹ̀ sì ń yọ̀, torí náà 0.75 la lò bó tilẹ̀ jẹ́ pé iyanrìn lásán ló wà nínú tiwa. Lápù, ìyẹn ibi tí rọ́ọ̀dù méjì ti gun ara wọn, tí a máa ń fi ìlọ́po ogójì ìnípọn rọ́ọ̀dù ṣe, 480 mm fún rọ́ọ̀dù 12 mm, a pín in pẹ̀lú 0.75, ó di 640 mm. Gbogbo grout fúyẹ́ tó ti já ènìyàn kulẹ̀ nínú ògiri onírin, ibi tí irin méjì ti gun ara wọn ni ẹ kọ́kọ́ wò.

Ohun èlò

Èèpo èkùrọ́ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fún àdín. Ó máa ń dé pẹ̀lú ìhá, eruku àti òróró lára. Asẹ́ méjì la fi ṣà á: èyí tó bá gba ojú asẹ́ 10 mm kọjá tí asẹ́ 5 mm sì dá dúró la lò. A fi omi gbígbóná àti ọṣẹ oníyẹ̀fun fọ̀ ọ́, a ṣàn án títí omi rẹ̀ fi mọ́, a sì rẹ ẹ́ sínú omi fún wákàtí 24. Òróró tó bá kù lára èèpo kò ní jẹ́ kí sìmẹ́ńtì lẹ̀ mọ́ ọn. Rírẹ náà ò ṣe é fò: èèpo gbígbẹ lè mu omi tó ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ lọ, inú páànù ni yóò sì ti máa mu ún, grout á wá gan kí ó tó dé ìsàlẹ̀ ihò. Lẹ́yìn rírẹ, a tẹ́ ẹ sórí àpò lábẹ́ ibòji títí omi ojú rẹ̀ fi gbẹ tí inú rẹ̀ ṣì tutù. Omi inú yẹn á padà ràn án lọ́wọ́: bí búlọ́ọ̀kù bá ti ń fa omi grout, èèpo náà á máa tú tirẹ̀ sílẹ̀.

Sìmẹ́ńtì tí ìpele agbára rẹ̀ jẹ́ 42.5 ni. Láti ọdún 2014 ni SON, àjọ tó ń rí sí ìdíwọ̀n ọjà ní Nàìjíríà, ti ní kí 32.5 mọ sí pílásítà. Iyanrìn jẹ́ ṣáàpù sáǹdì odò. Èyí tí wọ́n gbọ́n nínú ọ̀sà lè ní iyọ̀ àti ìkarahun, iyọ̀ sì ni ikú rọ́ọ̀dù. Ẹ da iyanrìn àti omi sínú ìgò, ẹ mì í, ẹ jẹ́ kó dúró: tí ẹrẹ̀ tó jókòó lókè rẹ̀ bá ju ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún gíga iyanrìn lọ, ẹ dá ọkọ̀ náà padà. Omi kànga tó bá ń ta iyọ̀ lẹ́nu kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Kẹ́míkà tó ń mú kọnkéré ṣàn láìfi omi kún un wà ní ọjà kẹ́míkà Ọjọ́ta, rọ́ọ̀dù sì wà ní Ọdúnadé ní Orílé: 12 mm mẹ́rin àti 10 mm mẹ́rin ló tó, mítà 12 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú kálípà lọ wọn rọ́ọ̀dù kí ẹ tó sanwó, torí 12 tí wọ́n ń tà lè má pé 12.

Búlọ́ọ̀kù àti ihò tí kò bára mu

Búlọ́ọ̀kù Èkó kò ṣe fún irú iṣẹ́ yìí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ó sì yẹ kí ẹnjiníà mọ̀. Ògiri àárín rẹ̀ jẹ́ 50 mm, ṣùgbọ́n níbi tí búlọ́ọ̀kù méjì ti pàdé, 50 + 25 ti mọ́tà + 50 ló wà, ìyẹn 125 mm. Bí a bá wá tò ó ní àtògùn, tí ìlà òkè gùn sórí ojú ìpàdé ìlà ìsàlẹ̀, ihò òkè á yẹ̀ kúrò lórí ti ìsàlẹ̀ ní 37.5 mm. Ọ̀nà tó ṣẹ́kù fún grout láti òkè délẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 112 × 125 mm. Ó tó fún grout tí èèpo rẹ̀ kò ju 10 mm lọ, ó sì tó fún rọ́ọ̀dù kan. Kò tó fún rọ́ọ̀dù méjì pẹ̀lú mọ́tà tó yọ síta. Ìdí nìyẹn tí mọ́tà tó bá yọ sínú ihò ju 12 mm lọ fi gbọ́dọ̀ kúrò kí ó tó le, kí bíríkìlà fi ọ̀pá nù ún bó ṣe ń kọ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. Níwọ̀n bí gbogbo ihò ti máa kún, ẹ̀gbẹ́ iwájú àti ẹ̀yìn nìkan la fi mọ́tà sí, a ò fi sórí ògiri àárín búlọ́ọ̀kù. Èyí tó ń já bọ́ sínú ihò á dín kù gan-an.

Ní ìlà karùn-ún àti ìkẹwàá, a fi ẹ̀rọ ìgékúta gé ògiri àárín àti ti ẹ̀gbẹ́ búlọ́ọ̀kù wọlé tó 100 mm, kí rọ́ọ̀dù 10 mm méjì lè sùn gbalaja láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ògiri. Ẹ gé e kí ẹ tó tò ó. Gígé e lórí ògiri máa ń mi mọ́tà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì.

Irin

Àwọn rọ́ọ̀dù tó ń yọ láti inú bíìmù ló gbé gbogbo iṣẹ́ yìí dúró. Ihò 16 mm fún rọ́ọ̀dù 12 mm, 150 mm wọlé, lẹ́yìn tí a ti wá ibi tí irin bíìmù fúnra rẹ̀ wà kí dírìlì má bàa gé e. A fẹ́ eruku jáde, a fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbo inú rẹ̀, a tún fẹ́ ẹ, kí gọ́ọ̀mù epoxy tó wọlé láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Eruku inú ihò ni ó máa ń jẹ́ kí rọ́ọ̀dù fà yọ. Jíjìn ihò àti àkókò tí gọ́ọ̀mù fi ń dì wà lára ìwé rẹ̀. Ẹnjiníà ló máa fọwọ́ sí 150 mm náà. Rọ́ọ̀dù náà yọ sókè ní 640 mm. Mọ́kànlá ni wọ́n: mẹ́wàá ní 950 mm sí ara wọn, ìkọkànlá nínú ihò tó kẹ́yìn.

A ò ṣe lápù kankan ní àárín ògiri. A kọ́ ìlà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tán, a wá ju rọ́ọ̀dù gígùn 2.6 m láti òkè sọ̀kalẹ̀ kó fara ti ti ìsàlẹ̀. Bí a bá ṣe é bẹ́ẹ̀, bíríkìlà kò ní máa gbé búlọ́ọ̀kù kọjá lórí rọ́ọ̀dù gíga, ibi àìlera náà á sì mọ sí ẹyọ kan, ní ìsàlẹ̀, níbi tí ojú ti lè rí i. Ohun tó gbà ni ihò ìkódọ̀tí: ní ìlà àkọ́kọ́, a gé ojú búlọ́ọ̀kù ní 100 × 100 mm níbi gbogbo tí irin wà. Ìlànà wọn lókè òkun ní kí ihò bẹ́ẹ̀ má kéré sí 75 mm, kí wọ́n má sì jìnnà sí ara wọn ju 813 mm lọ nínú ògiri tó máa kún pátá. 950 mm wa ti ju ìyẹn lọ, nítorí náà a fi ọ̀kan kún un láàárín irin méjì. Ibẹ̀ la ti fi wáyà ìdè so lápù, tí a sì ti fa mọ́tà tó já bọ́ jáde.

Pípò

Àpótí ìwọ̀n tí inú rẹ̀ jẹ́ 350 × 250 × 400 mm gba lítà 35, ó sì bá àpò sìmẹ́ńtì kan mu. Ìwọ̀n fún àpò kan:

Sìmẹ́ńtì 50 kg. Ṣáàpù sáǹdì àpótí kan àtààbọ̀. Èèpo èkùrọ́ àpótí méjì àtààbọ̀. Omi lítà 26. Kẹ́míkà bí ìwé rẹ̀ ṣe wí.

Èyí máa ń fúnni ní nǹkan bí lítà 118. Fún 1.875 m³ pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́wàá fún ìdànù, àpò 18 ni. Èèpo lítà 1,575, iyanrìn lítà 945. Tí ẹ bá fi iyanrìn kún un kó lè ṣàn, ìwọ̀n á gòkè kọjá 2,000 kg ní m³ kan, a ò sì mọ ohun tí a tún ń fọ èèpo fún mọ́.

Nínú ẹ̀rọ ìpo, èèpo àti ìdajì omi ló kọ́kọ́ wọlé fún ìṣẹ́jú kan, kí sìmẹ́ńtì àti iyanrìn tó tẹ̀lé e, kí omi tó kù tó wọlé pẹ̀lú kẹ́míkà. Kóònù ìdánwò 300 mm ló ń sọ bóyá ó ṣetán: kí ó wólẹ̀ láàárín 200 sí 280 mm. Grout tó bá le ju bẹ́ẹ̀ lọ á há sí ibi tí ihò ti yẹ̀. Wákàtí kan àtààbọ̀ lẹ́yìn tí omi kàn án, kò gbọdọ̀ wọ ògiri mọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì fi omi jí i.

Dídà á sínú ògiri

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìlà tó kẹ́yìn la bẹ̀rẹ̀ sí í dà á. A fi pákó àti igi tì gbogbo ihò ìkódọ̀tí pa. A wọ́n omi díẹ̀ sínú ihò kí búlọ́ọ̀kù má bàa fa gbogbo omi grout, ṣùgbọ́n omi kò gbọdọ̀ dúró nísàlẹ̀. Ìpele méjì ni dídà náà, mítà 1.25 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Grout tó ṣì ń ṣàn ní gíga yẹn ń ti ara búlọ́ọ̀kù pẹ̀lú nǹkan bí 23 kN/m² ní ìsàlẹ̀. Ti gíránáìtì ì bá jẹ́ 28. Ara búlọ́ọ̀kù 50 mm lè bẹ́ síta tí ẹ bá dà á láti òkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìpele kejì tẹ̀lé e nígbà tí ti àkọ́kọ́ ti ń gan tí kò tíì dì.

Fífúyẹ́ rẹ̀ ran àwọn lébìrà lọ́wọ́: garawa lítà 20 jẹ́ kílò 37 dípò 45, lórí àtẹ̀gùn tóóró. Bí ilé bá ga, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Fáíbrétọ̀, ẹ̀rọ tó ń mi grout kó lè jókòó dáadáa, ló fẹ́ ìkíyèsí jù. Orí rẹ̀ jẹ́ 25 mm. Nínú grout gíránáìtì, bí a bá mì í jù, òkúta á rì. Èèpo èkùrọ́ ṣe òdìkejì: ó ń léfòó. Ẹ mì í fún ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́ta, ẹ fà á sókè díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́wàá, nígbà tí búlọ́ọ̀kù ti mu omi tirẹ̀ tí grout ṣì rọ̀, ẹ padà mì í lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀ẹ̀kejì yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fò, òun ló sì ń dí àlàfo tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín grout àti ara ihò bí omi ti ń lọ. Tí ẹ bá rí i pé èèpo ṣù jọ sókè láìsí sìmẹ́ńtì láàárín wọn, ẹ há 50 mm òkè yẹn kúrò, ẹ fi tuntun rọ́pò rẹ̀, kí rọ́ọ̀dù 10 mm ti ìlà ìkẹwàá má bàa sùn sínú èèpo lásán.

Ìdánwò

Mọ́ọ̀dù irin kì í sọ òótọ́ nípa grout, nítorí irin kì í fa omi. Bí ASTM C1019 ṣe ní kí wọ́n ṣe é la ṣe é: búlọ́ọ̀kù mẹ́rin yí àlàfo 75 × 75 × 150 mm ká, bébà tó ń fa omi tẹ́ ara wọn, pákó wà nísàlẹ̀. Búlọ́ọ̀kù á fa omi bó ṣe ń fà á nínú ògiri. A tún to búlọ́ọ̀kù méjì lé ara wọn, a kún ihò wọn pẹ̀lú grout kan náà, a sì kọ́ irú rẹ̀ mìíràn pẹ̀lú gíránáìtì, kí Lagos State Materials Testing Laboratory lè tẹ méjèèjì fọ́ ní ọjọ́ 28. Ẹ ní kí wọ́n kọ bí ó ṣe fọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú iye rẹ̀. Bí ara búlọ́ọ̀kù bá là kí grout tó fọ́, búlọ́ọ̀kù ni ààlà. Ẹ wá búlọ́ọ̀kù tó dára jù, ẹ má fi sìmẹ́ńtì kún grout. Bí grout bá fọ́ rẹ́kẹrẹ̀kẹ pẹ̀lú èèpo tó yọ jáde mímọ́ láìní sìmẹ́ńtì lára, fífọ̀ ni kò tó. Bí grout nìkan bá wà lábẹ́ 14 N/mm², férémù táǹkì kò gbọdọ̀ gòkè.

Ògiri fúnra rẹ̀, ẹ fi òòlù kékeré kàn án ní ihò kọ̀ọ̀kan láti òkè délẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ méje. Ibi tó bá ń ró gbọ̀ngbọ̀n, ẹ fi dírìlì 10 mm wò ó. Nínú ògiri yìí, ibi tó yẹ kí ẹ fura sí jù ni abẹ́ rọ́ọ̀dù ìlà karùn-ún, nítorí pé irin tó sùn gbalaja máa ń dá èèpo dúró. Àlàfo tó bá wà níbẹ̀, sìmẹ́ńtì àti iyanrìn wẹ́wẹ́ tí a fi omi pò ló máa wọ inú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, títí yóò fi yọ ní ihò kejì lókè.

Èèpo èkùrọ́ máa ń jó tí iná bá mú un, nítorí náà pílásítà 25 mm ní ìhà méjèèjì kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ẹ má fi ẹnu èéfín jẹnẹrétọ̀ kọjú sí ògiri náà. Omi kò sì gbọdọ̀ wọ táǹkì kí ọjọ́ 28 tó pé. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdajì ni kí ẹ kọ́kọ́ bu sí i, kí ẹ fi okùn ìwọ̀n bíríkìlà wo òkè ògiri àti abẹ́ bíìmù fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ìdajì kejì tó gòkè.